Ìfẹ́ Tí Àǹtí Mi Fi Sílẹ̀ ní Èbúté-Mẹ́ta

Nígbà tí mo wà ní kékeré, kí a tó kó wá sí Festac, Èbúté-Mẹ́ta ni a ń gbé, nínú ilé tí èèyàn ti ń gbọ́ ọ nígbà tí ará yàrá kejì bá wúkọ́. Àbúrò ìyá mi ń gbé lọ́dọ̀ wa. Àǹtí ni mo ń pè é, aṣọ ni ó sì ń rán. Bọ̀dá kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé wà ní yàrá tó dojú kọ tiwa, òun àti Àǹtí jọ ń dáná ní kíṣìnnì kan náà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wọn ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí alárinà kankan. Lónìí, iyọ̀ tán lọ́wọ́ ẹnì kan; lọ́la, ìṣáná tán lọ́wọ́ ẹnì kejì; kò pẹ́, wọ́n ti ń jẹun nínú abọ́ kan. Àwọn ẹbí bọ̀dá náà wá tọrọ Àǹtí, a sì gbà.

Àsìkò yẹn gan-an ni ìjọba fún bàbá mi nílé ní Festac. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò lè mọ bí inú wa ti dùn tó. Omi ń yọ nínú ilé, títì gbòòrò, ọ̀dà ara ògiri ṣì ń rùn. Àǹtí nìkan ni kò yọ̀. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ní, "Má ronú. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni n ó máa wá."

Ó kọ́kọ́ ń wá lóòótọ́. Á wọ mọ́tò dé Mile 2, á tún wọ òmíràn, á sì dé tòun ti òógùn lọ́rùn. Nígbà tó yá, ó di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Lẹ́yìn ìyẹn, bí kò bá fi òjò ṣe àwáwí, á fi iṣẹ́ ṣe é. Àǹtí á se ìrẹsì, á dúró ní bákónì, á máa wo títì, títí ìyá mi á fi ní kó wá bu oúnjẹ fún wa.

Ní Sátidé kan, Àǹtí mú mi dání, a lọ sí Èbúté-Mẹ́ta. Ilẹ̀kùn bọ̀dá náà ṣí sílẹ̀. Ọmọbìnrin tó gba yàrá wa àtijọ́ dúró níwájú bọ̀dá, ó ń rán bọ́tìnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́rùn bọ̀dá. Bí a ti dé ẹnu ọ̀nà ló tẹ̀ ba, tó fi eyín já òwú náà ní àyà bọ̀dá.

Kò sí ariwo. Ọmọbìnrin náà kí wa, ó sì jáde. Àǹtí ní, "Bọ̀dá, kí ni mo ṣe yín?"

Bọ̀dá dorí kodò. "O ò ṣe mí ní nǹkan kan. Nígbà tí o wà níbí, ìwọ ni mò ń rí. Nígbà tí o lọ, ilé dá jù. Òun ló wà níbẹ̀. Èmi gan-an ò mọ ọjọ́ tó di báyìí."

"Tí a ò bá kó lọ ńkọ́?"

Bọ̀dá ń fọwọ́ pa bọ́tìnì àyà rẹ̀.

Àǹtí di ọwọ́ mi mú pinpin nínú ọkọ̀. Ìgbà tí a sọ̀ ní Mile 2, láàárín àwọn kọ̀ndọ́kítọ̀ tó ń ké, ló tó sunkún. Kò sẹ́ni tó wò ó.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ó fẹ́ ọkùnrin kan tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé wa, tó máa ń bá a gbé ẹ̀rọ ìránṣọ gun òkè. Wọ́n gbé pọ̀ ní ìrọ̀rùn, wọ́n sì bímọ. Nígbà tí èmi náà fẹ́ wọlé ọkọ, mo bi í léèrè bóyá ó fẹ́ràn ọkọ rẹ̀.

Ó ní, "Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó fà á: nítòsí ló wà. Ìdí nìyẹn tí ọkàn mi kì í fi í balẹ̀ tó bá rìnrìn àjò."

Ayé ti yí padà. Ọkọ ọmọ mi wà ní Kánádà, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rí ojú ara wọn nínú fóònù. Nígbà àkọ́kọ́, ọmọbìnrin yìí kì í jẹun tí kò bá tíì rí i. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí i tó da ojú fóònù dé orí tábìlì, tó lọ ro ọbẹ̀ tó wà lórí iná, tó sì ń dáhùn "ẹ̀n, ẹ̀n" láti ọ̀nà jíjìn. Ohùn ọkọ ṣì ń jáde lábẹ́ fóònù náà. Mo jókòó tì í, mò ń gbọ́ ọ.