Iná Pupa Lẹ́nu Oníbúrẹ́dì

Ìyá Mí-Kanlẹ̀ ni àwọn aláìsàn ń pè é, kì í sì í bínú sí i. Iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ní yàrá kékeré tó wà lápá òsì, níbi tí àwọn tó ń retí iṣẹ́ abẹ ti ń jókòó lórí bẹ́ńṣì, òun ni nọ́ọ̀sì tó ń na ẹ̀rọ kan sí èèyàn, tí á ní, "Ẹ mí kanlẹ̀. Ẹ mú un dání. Ó tó. Ẹ wá fẹ́ ẹ síbí, díẹ̀díẹ̀."

Ẹ̀rọ náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Yunifásítì ló fún ilé ìwòsàn. Tí èémí ẹni bá mọ́, iná àwọ̀ ewé á tàn lójú rẹ̀. Tí èéfín bá ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ onítọ̀hún, iná pupa ni.

Kí yunifásítì tó dá sí i, ìbáwí ni àwọn nọ́ọ̀sì fi ń tọ́jú amusìgá. Wọ́n á ní, "Sìgá yìí ló máa pa yín o." Aláìsàn á ní, "Ẹ ṣé, mà," á gba ẹ̀yìn táńkì omi lọ, á ṣáná sí òmíràn. Òun náà bá wọn bá èèyàn wí nígbà náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni Ọ̀mọ̀wé dé, olùkọ́ ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ nọ́ọ̀sì ní yunifásítì, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí báàgì rẹ̀ máa ń wúwo ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Ó kó àwọn nọ́ọ̀sì jọ, ó ní kí wọ́n yé bá àwọn èèyàn wí. Kí wọ́n béèrè ọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá ti béèrè tán, kí wọ́n dákẹ́.

Dídákẹ́ yẹn ló ṣòro fún àwọn tó kù. Ní ti Ìyá Mí-Kanlẹ̀, ńṣe ló dà bí ẹni tí wọ́n bá sọ ẹrù kalẹ̀. Á béèrè pé, "Ìgbà wo ló máa ń wù yín mu jù?" á gbọ́wọ́ lé itan, á máa wo ojú fèrèsé. Àwọn èèyàn á sì sọ̀rọ̀. Awakọ̀ kan sọ fún un pé kò sí ìgbà tí wọ́n dá ọkọ̀ òun dúró ní oríta tí ọwọ́ òun kì í lọ sápò. Obìnrin onídìrí kan ní òun ń mu ún kí òun lè rí ìdí kúrò lójú ìyakọ òun fún ìgbà díẹ̀.

"Ẹ máa jáde lọ́wọ́ òfo," ni Nọ́ọ̀sì wí fún un.

"Ìyakọ mi? Wọ́n á tẹ̀ lé mi jáde ni."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, Ọ̀mọ̀wé á wá gbọ́ ohun tí wọ́n bá pàdé lọ́sẹ̀ náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ló ń pe àwọn aláìsàn lórí fóònù nílé láti mọ bí nǹkan ṣe ń lọ. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá ń fà sí sìgá jù, ṣíngọ́ọ̀mù wà tí wọ́n ń fún un jẹ. Ọ̀pọ̀ kò jáwọ́. Àwọn kan jáwọ́. Àwọn tó jáwọ́ yẹn tó ohun tó ń mú Ìyá Mí-Kanlẹ̀ jí lọ síbi iṣẹ́.

Télọ̀ ni ọkọ Ìyá Mí-Kanlẹ̀, aláwàdà ni. Tó bá gbé oúnjẹ gbígbóná síwájú rẹ̀ nírọ̀lẹ́, ọkọ á ní, "Ṣé kí n fẹ́ ẹ ni, àbí kí n kọ́kọ́ mí kanlẹ̀?"

Ẹnu iṣẹ́ yìí ló wà lọ́jọ́ kan nígbà tí oníbúrẹ́dì kan àti ìyàwó rẹ̀ wọlé. Ọkùnrin náà sígbọnlẹ̀, àyà rẹ̀ gbòòrò. Àpò ìyẹ̀fun tó ti ń gbé láti ìgbà èwe ti dá ọgbẹ́ sí i nínú: ìfun rẹ̀ ń yọ gọngọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdodo, tó bá wúkọ́, á fọwọ́ dì í mú. Dókítà oníṣẹ́ abẹ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní ikọ́ amusìgá á fa ojú abẹ ya, èéfín kò sì ní jẹ́ kó jinná. Kó jáwọ́ nínú sìgá kọ́kọ́. Ọjọ́ tí iná àwọ̀ ewé bá tàn ni òun á dá ọjọ́ fún un.

"Ó ti tó ìgbà wo tẹ́ ẹ ti ń mu ún, bàbá?"

"Kí n tó mọ ìyá yìí ni." Ó forí tọ́ka sí ìyàwó rẹ̀.

"Ṣé ẹ ti gbìyànjú àtifi í sílẹ̀ rí?"

"Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi, Nọ́ọ̀sì," ni ìyàwó wí. "Ó fi í sílẹ̀ nígbà tí mo lóyún ìbejì. Mo bá a nínú ìyẹ̀fun. Ó fi í sílẹ̀ nígbà tí ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Mo bá a nínú bàtà òjò. Ọkùnrin yìí lè fi sìgá pamọ́ sínú ẹyin."

Oníbúrẹ́dì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹyin ni mi ò tíì dán wò."

Ó gba ṣíngọ́ọ̀mù, ó lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń pè é lórí fóònù sọ pé lóòótọ́ ló ń gbìyànjú. Nígbà tó yá, ó ní òun ti jáwọ́ pátápátá. Ó padà wá pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, aṣọ rẹ̀ mọ́, ara rẹ̀ yá gágá bí ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀bùn. Ó mí kanlẹ̀, ó fẹ́ ẹ.

Iná pupa.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tún un fẹ́."

Pupa náà ni.

Ìyàwó kò pariwo. Ó kó àpamọ́wọ́ rẹ̀. "Wọ́n ní èéfín nìwà," ló wí, "tèmi wá ní ẹ̀rọ tó ń wò ó."

Nígbà tí oníbúrẹ́dì tún wá, òun nìkan ló wá. Iná pupa tún tàn. Dókítà ti ní tó bá tún rí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, òun á gbé ipò rẹ̀ fún ẹlòmíràn, kó padà sẹ́yìn àwọn tó ń dúró. Ẹ̀yìn yẹn sì jìn. Oníbúrẹ́dì jókòó, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀.

"Ìyá Ìbejì ti kó ìrọ̀rí rẹ̀ lọ sí yàrá àwọn ọmọ," ló wí. "Kò bá mi jà. Kò kàn bi mí léèrè nǹkan mọ́ ni."

Nọ́ọ̀sì gbọ́wọ́ lé itan.

"Nọ́ọ̀sì, mo ti parọ́ rí. Mo mọ bí irọ́ ṣe máa ń rí lẹ́nu mi. Èyí kì í ṣe irọ́."

Nọ́ọ̀sì náà wá ń wo ọwọ́ ọkùnrin náà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, èékánná ìka méjì tó fi ń di sìgá mú ní àwọ̀ tíì tó ti dúdú jù. Ní báyìí, àwọ̀ náà ti sún lọ sí ṣóńṣó. Ní ìdí èékánná, níbi tó ti ń hù, ó mọ́ tónítóní. Òórùn búrẹ́dì nìkan ló sì ń jáde lára aṣọ rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ó wí fún ara rẹ̀. Ó ní kí bàbá máa lọ sílé, òun kò tíì ní bá dókítà sọ nǹkan kan.

Ní Ọjọ́rú, ó dúró de Ọ̀mọ̀wé lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọ̀mọ̀wé, ẹ̀rọ yìí lè parọ́ bí?"

"Kì í parọ́, màmá. Àmọ́ kò mọ sìgá. Èéfín ló mọ̀." Ó gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀. "Kí ni iṣẹ́ ọkùnrin náà?"

"Ó ń ṣe búrẹ́dì."

"Kí ló fi ń dáná?"

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Wọ́n ti bi ọkùnrin náà nípa bàbá tó bí i, nípa oorun rẹ̀, nípa wákàtí tí sìgá máa ń pè é. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohun tó fi ń dáná.

"Kò sí lára ohun tí mo ní kẹ́ ẹ máa béèrè," ni Ọ̀mọ̀wé wí. "Èmi ni mo kọ ọ́."

"Èmi sì ni mo jókòó tì í. Ẹ jẹ́ ká lọ síbẹ̀."

Ilé búrẹ́dì náà wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù oníbàtà kan, yàrá kan ṣoṣo, òrùlé rẹ̀ kò ga. Ààrò bíríkì gba apá kan odindi, èédú ń pọ́n nínú rẹ̀. Agolo búrẹ́dì tò sórí pákó. Ìyàwó dúró nídìí tábìlì, ó ń gé ìyẹ̀fun pípò, ó ń sọ ọ́ sórí òṣùwọ̀n láìwo òṣùwọ̀n. Fèrèsé kan wà, wọ́n ti fi páálí dí i.

"Ẹ ti wá ká a mọ́ mi lọ́wọ́," ni oníbúrẹ́dì wí. "Ẹ kú àbọ̀. Inú ìyẹ̀fun ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni ìyàwó mi ti máa ń bẹ̀rẹ̀."

Ìyàwó kò rẹ́rìn-ín. Ó fi aṣọ nu àga méjì fún wọn.

"Kí ni páálí yìí ń ṣe lójú fèrèsé, ìyá?" ni Nọ́ọ̀sì béèrè.

"Atẹ́gùn ni. Tí ó bá ń fẹ́ sí ìyẹ̀fun, kì í wú dáadáa."

"Níbo ni bàbá ti máa ń mu sìgá nígbà tí wọ́n ń mu ún?"

"Ẹ̀yìnkùlé. Mi ò jẹ́ gbà kó mu ún níbí, kí búrẹ́dì má baà rùn."

"Báyìí ńkọ́, bàbá? Ṣé ẹ ṣì máa ń lọ sí ẹ̀yìnkùlé?"

"Kí n lọ ṣe kí ni? Ìdí ààrò ni mo wà láti àárọ̀ títí a ó fi tì."

Bó ṣe sọ ọ́ tán, ó yíjú sí ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tó sọ. Gbogbo ìgbà tó fi ń lọ mu sìgá, ìgbà yẹn náà ló ń rí afẹ́fẹ́ sí. Ó fi sìgá sílẹ̀, ó sì fi ẹ̀yìnkùlé sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Ọ̀mọ̀wé yọ ẹ̀rọ jáde nínú báàgì, ó fi ike tuntun tí wọ́n ń fẹnu sí sórí rẹ̀. Kò gbé e sí oníbúrẹ́dì. Ìyàwó ló nà án sí.

"Èmi? Èmi tí mi ò fi sìgá kan ètè rí?"

"Ẹ mí kanlẹ̀, ìyá," ni Nọ́ọ̀sì wí.

Ó mí kanlẹ̀. Ó fẹ́ ẹ. Iná pupa tàn yòò lọ́wọ́ Ọ̀mọ̀wé.

Oníbúrẹ́dì wò ó fún ìgbà pípẹ́. "Ìyá Ìbejì," ó rọra wí, "bàtà òjò wo lò ń fi tìẹ sí?"

Ìyàwó fi ọwọ́ tí ìyẹ̀fun wà bo ẹnu. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lé àpò ìyẹ̀fun, ojú rẹ̀ funfun, omijé la ọ̀nà méjì sí i. Ọ̀mọ̀wé náà ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ òun ló kọ́kọ́ dákẹ́. Ó ṣàlàyé pé afẹ́fẹ́ kan wà tó ń jáde lára èédú, ojú kì í rí i, imú kì í gbọ́ òórùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè ṣekú pani níbi tí atẹ́gùn kò bá sí.

"Ṣé orí máa ń fọ́ yín?"

"Lójoojúmọ́," ni ìyàwó dáhùn. "Ọkọ mi ni mo rò pé ó ń fọ́ ọ."

Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ló ya páálí náà kúrò. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Lọ́jọ́ kejì, bíríkìlà gun òrùlé, ó gbọ́n ẹ̀sán dúdú tó kún garawa méjì àti ìtẹ́ ẹyẹ kan jáde nínú ihò èéfín ààrò tó ti dí. Wọ́n gbé tábìlì ìyẹ̀fun lọ sí igun kejì, wọ́n fi aṣọ bò ó. Ìyẹ̀fun náà wú dáadáa bíi ti tẹ́lẹ̀. Oníbúrẹ́dì sì lọ lo òpin ọ̀sẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, níbi tí kò sí ẹni tó ń fi èédú dáná. Ẹ̀gbọ́n ń rán an níṣẹ́ ilé bí ẹni tí kò dàgbà rí.

Láti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ló ti wá sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ Ajé. Ìyàwó rẹ̀ pàdé rẹ̀ níbẹ̀. Oníbúrẹ́dì jókòó, ó nu ètè rẹ̀, kò dá àpárá kankan. Ó fẹ́ ẹ.

Iná àwọ̀ ewé.

Oníbúrẹ́dì ní, "Ṣé mo lè tún un fẹ́?"

"Kí ló dé?"

"Kí n kàn tún rí i ni."

Ó tún un fẹ́. Ìyàwó rẹ̀ na ọwọ́, ó tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohun tó ṣe kọ́là náà. "Bàbá Ìbejì, má bínú."

"Kí ni mo fẹ́ bínú sí? Ọdún tí mo fi parọ́ fún ẹ pọ̀ ju ọ̀sẹ̀ tó o fi ṣiyèméjì lọ."

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Kò wúkọ́ tó bẹ́ẹ̀, ojú abẹ sì pa dé. Ọ̀mọ̀wé tún ìbéèrè rẹ̀ kọ; kí wọ́n tó béèrè nípa sìgá rárá, wọ́n á kọ́kọ́ béèrè ohun tí èèyàn fi ń dáná níbi iṣẹ́ àti nílé. Àwọn nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù kejì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ó kù kí Ìyá Mí-Kanlẹ̀ máa bi aláìsàn ní iye ewúrẹ́ tí wọ́n ní. Ó rẹ́rìn-ín, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, jórinjórin kan wá tí iná rẹ̀ pupa; wọ́n bi í, sìgá ni tirẹ̀ lóòótọ́, kò tilẹ̀ jiyàn.

Nígbà tó tó àkókò láti pe oníbúrẹ́dì nílé, Ìyá Mí-Kanlẹ̀ kò fi í sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́. Òun ló pè é. Ìyàwó ló gbé fóònù náà. Wọ́n kí ara wọn, wọ́n béèrè ilé, wọ́n béèrè ọmọ. Orí kò fọ́ òun mọ́, ni ìyàwó wí.

"Sìgá ńkọ́?" ni Nọ́ọ̀sì béèrè. "Ṣé bàbá ṣì ń yẹra fún un?"

Ó gbọ́ tí obìnrin náà gbé nǹkan kan kalẹ̀.

"Ẹ dúró, mo ń pè é bọ̀," ni ìyàwó wí. "Òun ni kẹ́ ẹ bi. Ohun tó bá ti sọ fún yín, bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ ọ́."