Ọjọ́ Tí Tẹlifíṣọ̀n Tuntun Tú Àṣírí Ojú Bàbá Mi

Ọdún tí wọ́n gbé mi wá sí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Osi láti máa ṣe tíṣà ni mo padà sínú ilé àwọn òbí mi, lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń gbé Ìlọrin. Yàrá tí mo máa ń sùn sí nígbà èwe mi náà ni ìyá mi gbá fún mi. Ẹrù mi kò pọ̀. Èyí tí mo kà sí jù nínú rẹ̀ ni tẹlifíṣọ̀n kan tí mo rà lọ́sẹ̀ tí mo fẹ́ kúrò ní Ìlọrin, irú èyí tó fẹ́lẹ́ bíi pákó, tí wọ́n kọ HD gàdàgbà sí lára páálí rẹ̀. N kò ní irú rẹ̀ rí. Àárín orúnkún mi méjèèjì ni mo há a sí láti Ìlọrin títí dé Òmù-Àrán, àti láti ibẹ̀ dé Osi. Gbogbo kòtò tí bọ́ọ̀sì wa kó sí lọ́jọ́ náà, àyà mi ló kọ́kọ́ ń já.

Tẹlifíṣọ̀n tó wà ní pálọ̀ àwọn òbí mi ti wà níbẹ̀ kí n tó wọ sẹ́kọ́ńdìrì. Ìdí rẹ̀ tóbi bí àpótí aṣọ. Orí ọparun kan lẹ́yìn ilé ni áńtẹ́nà rẹ̀ wà. Bàbá mi á máa yí ọparun náà, á máa béèrè láti ìta pé, "Ó ti dé?" Àwa tó wà nínú ilé á dáhùn pé, "Ó ku díẹ̀." Àwòrán náà kì í dé tán. Ojú àwọn èèyàn inú rẹ̀ máa ń ṣú bí ẹni pé inú ọyẹ́ ni wọ́n wà. Bàbá mi kì í ráhùn. Ó ní bí ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù bá ṣe ń sáré ti tó fún òun láti mọ̀ ọ́n.

Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà náà, ó sì ń dáko iṣu àti ẹ̀gẹ́ lójú ọ̀nà Ìsọlọ̀-Ọ̀pin. Alùpùpù ló máa ń gùn lọ, ìyá mi á jókòó sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú agbọ̀n àti àdá. Alàgbà ni nínú ìjọ wa. Ọjọ́ Ìsinmi tó bá kàn án, òun ló máa ń ka Ẹ̀kọ́ Kìíní nínú Bíbélì, ohùn rẹ̀ á sì kún gbogbo ilé ìjọsìn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, ọkùnrin tó ń ṣe díìṣì wá láti Ìlọ́fà, ó so tẹlifíṣọ̀n tuntun mọ́ ara ògiri pálọ̀. Iná wà lọ́jọ́ náà, wọ́n sì ń gbá bọ́ọ̀lù. Nígbà tí àwòrán náà yọ, ẹnu yà wá. Mo ń rí koríko lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ń rí ibi tí wọ́n ti rán bọ́ọ̀lù. Bàbá káfíńtà, ọ̀rẹ́ bàbá mi tí ilé wọn kángun sí tiwa, sún àga rẹ̀ síwájú, ó na ìka sí ojú ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù náà.

"Òógùn ni mò ń wò yìí," ó wí. "Òógùn iwájú orí rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi, ṣé ẹ rí i?"

"Mo rí i," ni bàbá mi dáhùn láti orí àga tirẹ̀. "Kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti àtẹ̀yìnwá."

A rẹ́rìn-ín. A rò pé ó ń fi mí ṣeré ni, torí ó mọ bí mo ṣe ṣe wàhálà lórí ẹrù náà. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ sí i tó fi béèrè pé, "Ó ti di mélòó báyìí?"

Nọ́ńbà náà wà lókè lápá òsì, funfun, ó tóbi, ó sì ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí a ti ń wò. Kí ẹnikẹ́ni tó lanu, ìyá mi ti dáhùn: "Ọ̀kan sí òdo ni." Ó yá a lẹ́nu jù. Mo wo ojú rẹ̀, ó sì yí ojú sí ọwọ́ ara rẹ̀ lórí itan.

Ẹ̀rù bà mí díẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, bàbá mi ló kan láti ka Ẹ̀kọ́ Kìíní. Mo jókòó sí ìlà kẹta, mo sì fọkàn sí i bí n kò ṣe fọkàn sí i rí. Bíbélì ńlá wà níwájú rẹ̀, ó ṣí i, ó gbé ọwọ́ lé e. Ojú rẹ̀ kò sọ̀ kalẹ̀ sínú ìwé náà lẹ́ẹ̀kan. Òkè orí wa ló ń wò. Àwọn ará ìjọ ti máa ń yìn ín fún èyí tipẹ́, wọ́n ní Bàbá ń ka Bíbélì bí ẹni tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Mo wá rántí pé láti ìgbà tí mo ti padà wálé, ní alaalẹ́ Sátidé tó bá kàn án, ìyá mi máa ń ka ibi kan náà sókè ní yàrá wọn, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ti rò pé àdúrà wọn ni.

Nígbà tí a jẹun tán lọ́sàn-án, ó kù èmi àti òun ní pálọ̀. Obìnrin kan ń sọ ìròyìn, ojú rẹ̀ kún gbogbo tẹlifíṣọ̀n náà, débi pé mo lè ka irun ìpéǹpéjú rẹ̀. Mo mú rìmóòtù, mo tẹ ibi tí wọ́n fi ń pa ohùn. Obìnrin náà ń sọ̀rọ̀ lọ láìsí ohùn.

Bàbá mi yí orí. "Kí ló dé tí o pa á?"

"N kò pa á, Bàbá. Ohùn rẹ̀ nìkan ni mo pa."

Ó dìde, ó fi ọwọ́ wá férémù ilẹ̀kùn, ó dì í mú kó tó jáde. "Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí," ó wí, "ẹ kì í jẹ́ kéèyàn sinmi." Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ ọjọ́ náà fi ṣú, kò sì wọ pálọ̀ nígbà tí mo bá wà níbẹ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn.

Mo lọ bá ìyá mi ní ilé ìdáná. Ó ń ṣa ẹ̀wà.

"Màámi, Bàbá kò ríran."

"Ojú àgbà ni," ó wí láìgbójú sókè. "Tiwa náà ń bọ̀ wá bẹ́ẹ̀. Fi í sílẹ̀."

"Ẹni tí kò ríran kò gbọdọ̀ gun alùpùpù."

"Èmi ni mo máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀."

Mo rò pé ohun tó ní lọ́kàn ni pé òun kì í jẹ́ kó sáré. Inú mi bàjẹ́ sí ìdáhùn náà, mo fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wà rẹ̀. Mo pinnu pé tí àbúrò mi tó wà ní Àbújá bá pè lópin ọ̀sẹ̀, àwa méjèèjì á jọ bá Bàbá sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kò dúró di òpin ọ̀sẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, ìyá mi bá àwọn obìnrin ìjọ lọ sí Ìlọ́fà ní kùtùkùtù. Mo gbọ́ tó ń bá bàbá mi sọ̀rọ̀ kó tó jáde, ó ní kó má lọ sóko, kó dúró de òun. Ilé ẹ̀kọ́ ti gba ìsinmi, mo wà lẹ́yìn ilé tí mò ń fọ aṣọ. Bí aago mẹ́wàá ni mo gbọ́ ìró alùpùpù. Kí n tó fi ọṣẹ sílẹ̀ kí n sì sáré yí dé iwájú ilé, eruku nìkan ni mo bá.

Mo pe bàbá mi. Fóònù rẹ̀ ń dún lórí àga rẹ̀ ní pálọ̀. Mo pe ìyá mi.

"Ó gbé e jáde?" ó béèrè. "Òun nìkan?"

"Òun nìkan."

Orin àwọn obìnrin ń dún lẹ́yìn rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Sáré tẹ̀ lé e. Kì í rí apá ọ̀tún rárá, ti òsì náà kò dá a lójú. Èmi ni mo máa ń fọwọ́ kàn án léjìká tí nǹkan bá ń bọ̀. Tí mo bá kan ọ̀tún, á yà sí òsì. Sáré, jọ̀ọ́."

Mo jáde pẹ̀lú ìfófòó ọṣẹ lọ́wọ́ àti ìró nídìí. Ọlọ́kadà kan ń bọ̀, mo dá a dúró, mo ní kó máa gbé mi lọ ojú ọ̀nà Ìsọlọ̀. A kò tíì rìn jìnnà tí mo fi rántí òkúta. Àwọn kan ń tún afárá kékeré kan ṣe lójú ọ̀nà náà, wọ́n sì ti da òkúta wẹ́wẹ́ jọ bí òkìtì sí ìdajì ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́ àná rẹ̀. Mo ti rí i nígbà tí mò ń bọ̀ láti ọjà. Apá ọ̀tún ẹni tó ń lọ sóko ni wọ́n dà á sí. Wọn kò fi ewé tàbí igi kankan ṣe àmì síwájú rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sáré díẹ̀ sí i," mo wí fún ọlọ́kadà náà.

"Ta là ń lé, Tíṣà?"

"Bàbá mi."

Kò béèrè mọ́. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kún fún iṣu pàdé wa, ó ń sáré, mo sì ń wo iwájú rẹ̀ bóyá màá rí ohun tí n kò fẹ́ rí. Mo gbìyànjú láti gbàdúrà, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan kò tẹ̀ lé èkejì.

Nígbà tí a dé ibi afárá náà, òkìtì òkúta wà níbẹ̀. Ipa táyà kan gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, òkúta sì ti fọ́n ká sójú ọ̀nà. Mo bọ́ sílẹ̀ kí ọ̀kadà tó dúró. Alùpùpù bàbá mi wà nínú koríko, ó dùbúlẹ̀, táyà ẹ̀yìn rẹ̀ kò yí mọ́. Bàbá mi jókòó sí abẹ́ igi ìyeyè kan tí kò jìnnà síbẹ̀. Ó na ẹsẹ̀ kan gbọọrọ. Sòkòtò rẹ̀ ti ya lórúnkún, ẹ̀jẹ̀ sì ń jáde. Ó di fìlà rẹ̀ mú lọ́wọ́.

Mo rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo dúró. Ẹ̀mí mi kò tíì balẹ̀ tó kí n lè sọ̀rọ̀. Bí ìṣísẹ̀ mẹ́ta ló wà láàárín wa. Ó gbé ojú sókè sí mi, ó wò mí tààrà.

"Ta nìyẹn?" ó béèrè.

Mo sún mọ́ ọn ní ìṣísẹ̀ kan.

"Mo ní ta nìyẹn?" Ẹ̀rù wà nínú ohùn rẹ̀, ohun tí n kò gbọ́ rí láti ọjọ́ tí mo ti dáyé.

"Èmi ni, Bàbá."

Ó mí kanlẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo fi etí ìró mi nu ẹsẹ̀ rẹ̀. "Kò sí òkúta níbí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun," ó wí. "Mo mọ ọ̀nà yìí. Mo ti há gbogbo kòtò rẹ̀ sórí."

"Láti ìgbà wo, Bàbá?"

"Ó ti lé ní ọdún méjì. Mo kọ́kọ́ rò pé tẹlifíṣọ̀n ló ti ń bàjẹ́. Mo ń lọ yí áńtẹ́nà, mo ń yí i, kò yàtọ̀. Mo wá rí i pé igi pàápàá kò mọ́ lójú mi, ewé kò mọ́. Mo bẹ ìyá rẹ kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí ẹ so tìrẹ mọ́ ògiri, tí ọ̀rẹ́ mi ń sọ̀rọ̀ òógùn, n kò rí nǹkan kan ju ìmọ́lẹ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀. Mo mọ̀ lọ́jọ́ náà pé mi ò ní lè fi pamọ́ mọ́."

"Kí ló wá dé tí ẹ jáde lónìí?"

Ó yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. "Mo fẹ́ mọ̀ bóyá mo ṣì lè dá lọ."

Ọlọ́kadà náà bá mi gbé e padà sílé. Nígbà tí ìyá mi dé láti Ìlọ́fà, ó ti sunkún dé, ojú rẹ̀ wú. Inú bí mi sí i. Mo bi í bóyá ó fẹ́ kí òun àti Bàbá jọ kú sójú ọ̀nà kí n wá gbé wọn. Ó jókòó sórí àpótí, ó ní, "Ó bẹ̀ mí. Láti ọdún méjìlélógójì tí mo ti wà nílé rẹ̀, kò bẹ̀ mí ní nǹkan kan rí." Mo lọ gbé omi gbígbóná fún ẹsẹ̀ Bàbá.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwa mẹ́ta lọ sí ilé ìwòsàn ojú ní Ìlọrin. Dókítà náà jẹ́ obìnrin kan tí kì í yára sọ̀rọ̀. Ó fi iná wo ojú bàbá mi títí, ó fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n, lẹ́yìn náà ó ní omi inú ojú rẹ̀ ń ti iṣan tó fi ń ríran, ó sì ti ń tì í tipẹ́. Ojú ọ̀tún ti lọ, kò sì ní padà. Ti òsì ṣẹ́kù díẹ̀. Tí a bá ń kán oògùn sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, tí a kò jẹ́ kó yẹ̀ ní ọjọ́ kan, ìyẹn tó ṣẹ́kù lè dúró.

"Tí mo bá ti wá ní ọdún méjì sẹ́yìn ńkọ́?" ni bàbá mi béèrè.

Dókítà wo ìyá mi, ó wò mí, ó tún padà wo Bàbá. "Bàbá, ẹ jẹ́ ká tọ́jú èyí tó kù."

Nígbà tí a ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, bàbá mi na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ìyá mi sì dì í mú ní gbangba, láàárín àwọn èèyàn, bí n kò ṣe rí wọn ṣe rí.

Bàbá fúnra rẹ̀ ló sọ fún alùfáà pé òun kò ní ka Ẹ̀kọ́ mọ́, ó sì sọ ìdí rẹ̀. Aago méje àárọ̀ àti aago méje alẹ́ ni ìyá mi máa ń kán oògùn náà sí i lójú. Bàbá máa ń gbé orí lé ẹ̀yìn àga, á sì máa ráhùn pé ó ń ta òun. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta la ń padà lọ sí Ìlọrin. Nígbà tí a lọ kẹ́yìn, dókítà ní ojú òsì ṣì wà níbi tó wà, kò burú sí i.