Omi Tí Oòrùn Mú Gbóná

Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé àwọn àgbà kan nítòsí Ìdí-Àràbà, èmi ni ẹnjiníà tí wọ́n fi ètò omi àti afẹ́fẹ́ ibẹ̀ lé lọ́wọ́. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì kan ló ń kọ́ ọ. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kí jẹnẹrétọ̀ máa dún níbẹ̀, torí oorun àgbà fúyẹ́.

Mo wá ń ro ilé náà bí ẹni ń lálàá. Mo ní kí wọ́n gbé òrùlé ga, kí wọ́n dá ihò sí òkè ògiri kí ooru lè máa gba ibẹ̀ jáde, kí afẹ́fẹ́ tútù sì máa gba ojú fèrèsé wọlé. Lórí òrùlé, a to páìpù tí a kùn ní dúdú. Oòrùn á mú omi inú wọn gbóná, omi á sì rọra gòkè lọ sínú táǹkì.

Ìyá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, ń bá mi gbé ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Súrùlérè. Orúnkún ń dùn ún. Bí mo bá ti dárúkọ iṣẹ́ náà, ojú rẹ̀ á fà ro.

"Ọmọ wo ló ń kọ́lé ìkọ̀sílẹ̀ fún ìyá oníyàá?"

"Màmá, wọn ò kọ̀ wọ́n sílẹ̀. Àwọn kan ò bímọ. Ọmọ àwọn mìíràn wà lókè òkun."

"A ti gbọ́."

A parí iṣẹ́, kò tíì sí ẹni tó kó wọlé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, iná lọ ládùúgbò wa, ooru kò jẹ́ kí ìyá mi lè mí dáadáa. Ó ní, "Gbé mi lọ síbẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n mi ò ní pẹ́."

A dé ibẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí i lára. Aṣọ fèrèsé ń fẹ́ lẹ́lẹ́, bí ẹni pé ilé náà ń mí. Mo ṣí ẹ̀rọ omi fún un ní balùwẹ̀, omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ tú jáde. Ó jókòó, ó na orúnkún sábẹ́ rẹ̀, ó pajú dé.

"Ta ló dáná sí omi yìí?"

"Oòrùn ni, Màmá."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé ní Ìjẹ̀bú, ìyá òun a máa gbé omi sóòrùn kó tó wẹ̀ fún àwọn. Òun ti gbàgbé bó ṣe máa ń rí lára.

Lẹ́yìn náà, ó sùn lórí bẹ́ẹ̀dì tuntun kan. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ń gbọ́ bí omi ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ nínú ògiri. Bóyá èmi náà sùn, mi ò mọ̀. Nígbà tó jí, ó ní, "Yàrá yìí ni mo fẹ́."

"Màmá, ẹ nílé."

"Mo mọ̀ pé mo nílé. Àtẹ̀gùn rẹ̀ ni mi ò lè gùn mọ́."

Àwọn ẹ̀gbọ́n mi bínú sí mi. Wọ́n ní mo ti gbé ìyá wa jù síta. Mo sunkún, ṣùgbọ́n ìyá mi ló ránṣẹ́ pè wọ́n, tó sọ fún wọn pé òun lòun yàn án.

Ibẹ̀ ló gbé títí tó fi kú. Nígbà ayé rẹ̀ níbẹ̀, tí mo bá ti ọjà Tejuoṣo dé lọ́jọ́ Sátidé, mo máa ń bá a lábẹ́ igi máńgòrò, òun àti ìyá Ìjẹ̀ṣà kan, tí wọ́n ń kọ orin kan, tí wọ́n sì ń jiyàn lórí bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Wọn kì í tètè rí mi. Mo máa ń dúró lẹ́yìn wọn, kí n lè gbọ́ orin náà dópin.