Àtàǹpàkò Ni Bíréèkì

Lánàá, ọmọ aládùúgbò wa ní Springdale lókè òkun níbí dojú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ délẹ̀, ó ń fọwọ́ yí táyà rẹ̀, kírìkírì, mo sì tún gbọ́ ìró ọ̀pá ìpẹja màmá mi. Kẹ̀kẹ́ tó ń ká òwú nídìí ọ̀pá náà kò ní bíréèkì. Àtàǹpàkò màmá mi ni bíréèkì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí mo ṣì kéré nílé, màmá mi ti ọsibítù bọ̀ sétí odò pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn, ó ń rùn fún oògùn àti ẹrẹ̀. Kọ́ọ̀kì pupa tó so mọ́ òwú rẹ̀ lórí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ rì, ẹja ti gbé ìwọ̀, nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi dé, ó wọ agbádá, bíi pé àwọn ẹja máa dọ̀bálẹ̀ fún un. Mo kúnlẹ̀. Màmá mi ò kúnlẹ̀.

"Ìyàwó, ṣé o ò rí mi ni?"

"Mo rí yín, ẹ̀gbọ́n. Ẹ káàsán sà. Ọwọ́ mi ló dí."

Mo rò pé ìkíni lásán ló ń bínú sí. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé bí màmá mi bá kúnlẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ti gbà láti padà sílé bàbá mi tí òun ti kó kúrò nìyẹn.

Ẹja àrọ̀ náà jáde, ó ta ẹrẹ̀ sí agbádá.

"Ọwọ́ rẹ ti dilẹ̀ wàyí. Ó yá, kúnlẹ̀."

Màmá mi fi ekòló mìíràn sẹ́nu ìwọ̀, ó jù ú sódò.

"Ó tún ti dí, ẹ̀gbọ́n."