Àgbọ̀nrín Tó Mú Mi Jáde

Ìwé ìtàn tí mo ń kà fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí máa ń rùn fún kẹrosíìnì, nítorí inú àpótí tí mo ń gbé àtùpà sí ni mo ń tọ́jú rẹ̀. Ìlú inú ìwé náà jọ tiwa: ilẹ̀ pupa, ọ̀kadà, ìyá tó ń sá èlùbọ́ lórí àpáta. Ṣùgbọ́n bí ìtàn bá dé àárín, àgbọ̀nrín kan á la ẹnu sọ̀rọ̀, á fi ọ̀nà ilé han ọmọ tó sọnù. Mo máa ń fa ìlà sí àárín pátákó, mo kọ òótọ́ sí apá kan, àlọ́ sí apá kejì, kí àwọn ọmọ pín gbogbo rẹ̀ síbẹ̀. Mo rò pé ìlà yẹn tó.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ọkùnrin tó ní ìbọn jí mi gbé lọ́nà oko. Ọjọ́ mẹ́fà ni mo lò nínú igbó. N kò ní sọ púpọ̀ nípa wọn. N kò mọ ẹni tó ń gbọ́. Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, àwọn ọmọ bi mí bí mo ṣe jáde. Ẹ̀rù ń bà mí, ojú sì ń tì mí, ni mo bá ní àgbọ̀nrín ló mú mi jáde. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọmọ kan ní apá òótọ́ ni kí n kọ ọ́ sí, torí Àǹtí kì í parọ́. Mo kọ ọ́ síbẹ̀.

Ọmọbìnrin kan kò pàtẹ́wọ́. Wọ́n ti gbé bàbá rẹ̀ ṣáájú mi, kò sì tíì dé. Nígbà ìsinmi, ó wá bá mi lábẹ́ igi máńgòrò.

“Àǹtí, àgbọ̀nrín yẹn, ṣé kò rí bàbá mi níbẹ̀?”

Bàbá rẹ̀ ló tú okùn ọwọ́ mi. Òun ló nawọ́ sí ọ̀nà ẹsẹ̀ tí mo gbà, lọ́sàn-án gangan, nígbà tí àwọn ọkùnrin náà sùn. Ẹsẹ̀ tirẹ̀ ti wú, kò lè sáré. Ó ní kí n máa lọ. Mo lọ, n kò wo ẹ̀yìn.

“Kò sí àgbọ̀nrín,” mo wí fún un. “Bàbá ẹ ló mú mi jáde. Mo sì fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀.”

Kò sunkún. Ó wọ kíláàsì, ó fi ọwọ́ pa àgbọ̀nrín rẹ́ ní apá òótọ́, ó kọ “bàbá mi” síbẹ̀.

Ọmọ náà ti dàgbà báyìí. Bàbá rẹ̀ kò tíì dé. Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. N kì í fa ìlà mọ́ bí mo bá ń kà á. Tí mo bá dé ibi tí àgbọ̀nrín ti la ẹnu, mo máa ń dúró díẹ̀, mo máa ń ro ẹni tí òǹkọ̀wé náà kò lè dárúkọ.