Àdúrà Aifíkà Nínú Igbó

Kékeré ni mo wà, mi ò tíì jáde ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Mọ́mì máa ń fi mí sọ́dọ̀ ìyá arúgbó kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tiwa ní Tavy Bridge, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà níbẹ̀ á rántí àwọn ilé kọnkéré gíga wọ̀nyẹn, ọ̀nà orí afárá tí a ti ń fo súwẹ̀, àti adágún omi tí àwọn gúùsì, ẹyẹ omi tó dà bíi pẹ́pẹ́yẹ ńlá, ti máa ń lé wa kiri. Nọ́ọ̀sì ni Mọ́mì. Bí iṣẹ́ ọ̀sán bá bọ́ sí i lọ́wọ́, ìyá yìí ló ń tọ́jú mi. Aifíkà lorúkọ rẹ̀, Gíránmà ni mò ń pè é. Ará Mari ni, láti etí odò Fólígà ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Ọkọ rẹ̀, ọmọ ibí, ló mú un wá, tó sì kú fi í sílẹ̀.

Òórùn oyin àti bọ́tà kì í tán nílé rẹ̀. Ó máa ń dín pánkéèkì onípele mẹ́ta fún àdúrà, èmi ni mo sì ń po ìyẹ̀fun. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò. Lọ́jọ́ tí mo fi ìka lá a, ó ní kí n lọ kọjú sí ògiri. Ìyẹn ò tiẹ̀ tó ti Mọ́mì, tó máa ń ní kí n kúnlẹ̀ kí n gbọ́wọ́ sókè.

Bó bá dín in tán, á wẹ̀, á wọ aṣọ funfun tí wọ́n fi òwú pupa ṣe iṣẹ́ sí lọ́rùn, lọ́wọ́ àti ní ìṣẹ́tí, kí ibi má baà rí ọ̀nà wọlé. A ó wá gba òkè lọ sínú igbó. Ó ní irú igbó bẹ́ẹ̀ ń bẹ nítòsí abúlé wọn. A kì í ṣẹ́ ẹ̀ka níbẹ̀, a kì í pariwo. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ké pe Osh Kugu Yumo, Ọlọ́run Ńlá Funfun. Ìjọba ìgbà náà fòfin dè é, síbẹ̀ ìyá rẹ̀ ń yọ́ lọ. Wọ́n á pa gúùsì, wọ́n á jọ jẹ ẹ́. Nígbà tí mo bojú wo adágún omi wa, ó rẹ́rìn-ín.

“Ti ìjọba ni gúùsì wọ̀nyẹn! Pánkéèkì ni Ọlọ́run á gbà lọ́wọ́ mi níbí.”

Bó bá tan àbẹ́là oyin lábẹ́ igi ńlá kan, tó gbójú sókè, tó ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, mi ò gbọ́ èdè rẹ̀, ṣùgbọ́n orí mi á wú. Ó dà bíi pé àwọn igi náà ń fetí sílẹ̀.

Mọ́mì rí aṣọ funfun, ó rí gèlè funfun, ó gbà pé ìjọ aláṣọ funfun ni. “Àwọn aláṣọ funfun ti dé Rọ́ṣíà o!” ló máa ń sọ fáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ tó wá bi í pé ṣọ́ọ̀ṣì wo gan-an ni, Gíránmà dáhùn pé igbó ni ṣọ́ọ̀ṣì òun.

“Ẹ̀yin lẹ ń mú ọmọ mi lọ sígbó òrìṣà?” Mọ́mì fà mí lọ́wọ́, ó ní n kò ní í fẹsẹ̀ tẹ ilé náà mọ́. Mo sunkún títí ojú mi fi wú.

Ọjọ́ àdúrà ìkórè àwọn ará Mari pé, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn wa. Gíránmà ni, nínú aṣọ funfun, pẹ̀lú àwo tó fi aṣọ bò.

“Nọ́ọ̀sì, ò ń bínú sí mi,” ló wí. “Ẹni tó ń bá aládùúgbò rẹ̀ jà kì í wọ igbó àdúrà. Mo ti wẹ̀, mo ti dín pánkéèkì, àmọ́ mi ò lè lọ.”

Mọ́mì mọ ibi tí Jésù ti sọ irú rẹ̀ nínú Mátíù, pé kí èèyàn kọ́kọ́ lọ bá arákùnrin rẹ̀ làjà kó tó mú ọrẹ wá síbi pẹpẹ. Ó ti gbọ́ ìwàásù lé e lórí lọ́pọ̀ ìgbà, kò tíì rí ẹni tó ṣe é.

“Ẹ má bínú, Màmá,” ló wí nígbẹ̀yìn. “Jésù ni tèmi o, mi ò lè tẹ̀ lé yín débẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò bínú mọ́.” Ó wá yíjú sí mi: “Kí lò ń wò? Gba àwo lọ́wọ́ ìyá, kí ẹ tètè máa lọ.”

Wọ́n ti wó àwọn ilé wa, wọ́n ti kọ́ tuntun, Gíránmà náà sì ti lọ. Nígbà yẹn, a ń fi ọmọ sọ́dọ̀ aládùúgbò. Lónìí, a ò mọ orúkọ ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Plumstead, nítòsí ibẹ̀, ti pọ̀ gan-an. Lọ́jọ́ ìsinmi, mo máa ń rí àwọn tí kì í kí ara wọn, wọ́n á gba ẹnu ọ̀nà kan náà wọlé, wọ́n á dúró lórí ìlà kan náà, wọ́n á gbọ́wọ́ sókè.