Ibi tí Orin Àǹtí Mi Ń Parí Sí

Okùn mẹ́fà ló wà lára jìtá mi: mẹ́ta jẹ́ ọ̀rá lásán, mẹ́ta jẹ́ èyí tí wọ́n fi wáyà tín-ín-rín wé. Mo sọ èyí nítorí pé irú jìtá bẹ́ẹ̀ nìkan ló lè dún bí mo ṣe fẹ́. Irin ni okùn èyí tí wọ́n ń lò ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó ń ké jù. Oṣù mẹ́rin ni mo fi wá temi kí n tó rí àlòkù kan rà ní ọjà Kútọ̀. Igi rẹ̀ ti là díẹ̀ lábẹ́. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, mo sì fi okùn bàtà dì í fún ọjọ́ méjì kó tó gbẹ.

Orin kan ṣoṣo ni mo torí rẹ̀ rà á. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí mo ń pè ní Àǹtí mi, ló máa ń kọ ọ́ bó bá ń lọ aṣọ. Èdè Faransé ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Nígbà tóun fúnra rẹ̀ lọ kọ́ èdè náà ní Àgbádárìgì, ẹnu ọmọ Kútọnu kan tí wọ́n jọ gbé yàrá ló ti gbọ́ orin yìí. Èmi ò gbọ́ Faransé, ṣùgbọ́n ó ti sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún mi rí: obìnrin kan jókòó síbi tí ọkọ̀ ojú irin ń dúró sí, ó ń ka fèrèsé ọkọ̀ tó ń kọjá lọ, kò sì rí ojú tó ń wá. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà, mo ní kí ló dé tí kò pe ẹni náà lórí fóònù.

Ó di ọdún kẹfà tí Àǹtí mi ti kú. Fóònù tirẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó fi tì í, òun nìkan ló mọ̀ ọ́n. A ò ká ohùn rẹ̀ síbòmíràn. Mo ti wá orin náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì títí. Mo fi imú kùn ún sí fóònù mi, orin mìíràn ló ń gbé jáde. Nígbà tó yá ni mo rí i pé èmi fúnra mi ti ń gbàgbé. Ẹsẹ kejì ti lọ pátápátá. Bí èyí tó kù bá tún lọ, kò síbi tí mo tún ti máa gbọ́ ọ mọ́.

Ẹnì kan ló kù tó mọ̀ ọ́n, Màmá wa. Àwa méjì là ń gbé ilé oníyàrá mẹ́fà ní Láfẹ́ńwá, ṣùgbọ́n mi ò lè bi wọ́n. Nílẹ̀ wa, bí ọmọ bá ṣáájú ìyá rẹ̀ lọ, a kì í mú ìyá dé ibi tí wọ́n sin ín sí. Nínú ilé tiwa, a kì í dárúkọ rẹ̀ létí ìyá náà. Áyọ́ọ̀nù Àǹtí mi wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù. A ń lò ó. A kì í sọ pé tirẹ̀ ni.

Yàrá ẹ̀yìn ni mo ti ń kọ́ orin náà lọ́sàn-án. Mo ká áńkáṣíìfù sí mẹ́rin, mo tì í sábẹ́ okùn níbi tí wọ́n ti so wọ́n mọ́ igi, kí ohùn má baà jáde. Ohun tó ń jáde kò ju ti adìẹ tó ń ṣa àgbàdo lórí páànù lọ. Àtàǹpàkò ló ń ta okùn nínípọn. Ìka ìfábẹ̀lá, ìka àárín àti ìka òrùka ń ta àwọn ọlọ́ràá. Ọmọńdinrín kàn ń wòran ni. Mẹ́ta mẹ́ta là ń kà á: ọ̀kan wúwo, méjì fúyẹ́. Kọ́ọ̀dù, ìyẹn àkójọ ohùn tí a ń ta pa pọ̀, tó bẹ̀rẹ̀ orin náà ni èyí tí àwọn olórin ń pè ní máínọ̀, tó máa ń dún bí ẹni tó wọlé tí kò bá ẹnì kankan. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ní sófà, bí wọ́n ṣe kọ́ wa nínú ẹgbẹ́ akọrin láti kékeré: do, re, mi, fa, so, la, ti. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá. Ìka mi ò ṣì mọ́, síbẹ̀ kì í ṣe òun. Mo pààrọ̀ okùn. Mo dín eré rẹ̀ kù. Mo gé èékánná. Kì í ṣe òun.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, Màmá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Bí mo ṣe dé ìparí orin ni mo gbọ́ ohùn wọn.

“Ṣé ìkórè la fẹ́ ṣe ni?”

Mo fọwọ́ bo okùn. “Mà?”

“Mo ní, ṣé ìkórè la fẹ́ ṣe? Bó o ṣe ń parí ẹ̀ látọjọ́ yìí nìyẹn. Ó kù kó o ṣe Àmín sí i.”

Látọjọ́ yìí. Mo jáde sí wọn pẹ̀lú jìtá lọ́wọ́, bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ẹran.

“Ẹ má bínú, Mà. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀ ń gbọ́.”

“Ojú ló ń dùn mí, kì í ṣe etí. Kí lo kì síbẹ̀ yẹn?”

“Áńkáṣíìfù ni, Mà.”

“Yọ ọ́. Ta lò ń fi pamọ́ fún?”

Mo yọ ọ́. Wọ́n ní kí n ta ìlà tó kẹ́yìn. Mo ta á: do, ti, do. Wọ́n mi orí.

“Orin yẹn ò ṣèrìbọmi, ìwọ lo fi tipátipá ṣe é fún un. Tiẹ̀ kì í délé.”

Tiẹ̀, wọ́n ní, ti Àǹtí mi. Láti ọdún wọ̀nyí, a ò sọ tó bẹ́ẹ̀ yẹn pàápàá.

Wọ́n gbé àwo ẹ̀gúsí kúrò lórí ẹsẹ̀, wọ́n sì fi ohùn tó ti gbẹ kọ ìparí náà: do, ti, la.

Ìgbà yẹn ló yé mi. Nínú orin ìyìn tí wọ́n fi tọ́ mi dàgbà, ohùn tí à ń pè ní “ti” kì í sùn síta. Bó ti wù kó rìn tó, do ni ilé rẹ̀. Ìka mi ti ń mú obìnrin ìdí ọkọ̀ ojú irin yẹn lọ sílé lójoojúmọ́, láìbi í bóyá ó fẹ́ lọ. Àǹtí mi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Á já ohùn náà sílẹ̀ sórí la, á gbé áyọ́ọ̀nù sókè, á wá yí ẹ̀yìn aṣọ síwájú.

Mo jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá, mo ta orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì fi í sílẹ̀ lórí la. Òun ni.

Mo retí pé wọn yóò dárúkọ Àǹtí mi. Wọ́n gbé àwo padà sórí ẹsẹ̀. Wọ́n mú ẹ̀gúsí kan, wọn ò bó o.

“Ẹsẹ kejì ńkọ́?”

“Mo ti gbàgbé ẹ̀, Mà.”

“Èmi náà,” ni wọ́n wí. “Tún èkíní ta.”